Ìbéèrè Kẹrìnlá Tí Mo Yọ, àti Nọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Fẹ́ Gbé Lọ

Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀dùn,
Àdúgbò Ìdẹ̀ra,
Mowé,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Àwọn Ilé Ìtọ́jú Àdúgbò,
Owódé Ẹ̀gbá,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ WỌ́GI LÉ ÀBỌ̀ ÌWÁDÌÍ TÍ ÈMI FÚNRA MI ṢE, KÍ NỌ́Ọ̀SÌ ÌBÍWÙNMÍ LÈ DÚRÓ SÍ MOWÉ

1. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún yín pé Ìbéèrè Kẹrìnlá ti fi wá sílẹ̀. Ó kúrò ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, lórí kọ̀ǹpútà mi, lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Ìbéèrè mọ́kànlélógún ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sunkún. Èmi tí mo pa á gan-an, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni mo jókòó tì lẹ́yìn rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán.

2. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín, àti pé ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun tó yẹ kí àgbà torí rẹ̀ fi ojú sí ìwé gígùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìbéèrè yẹn kò sí mọ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà ní ilé ìtọ́jú Àdúgbò Ìdẹ̀ra yóò kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Bó bá sì kúrò, obìnrin àgbàlagbà kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò ní rí ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín sí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀.

3. Àbáyọ̀mí Ògúnlàdé ni orúkọ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ni mo ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, Ìgbìmọ̀ yín gbà mí gẹ́gẹ́ bí Olùṣirò lórí àdéhùn, ẹ sì ní kí n ṣe òṣùwọ̀n tí a ó fi mọ bí ìlera àwọn ará àdúgbò mẹ́ta ṣe rí: Ìdẹ̀ra ní Mowé, àdúgbò kan ní Ìbàfò, àti ọ̀kan ní Akúte, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀. Àdúgbò tí ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ bá le jù ni yóò yọ̀ǹda nọ́ọ̀sì rẹ̀ fún àdúgbò tí tiwọn burú jù. Èrò náà dára lójú mi nígbà náà. Ó ṣì dára lójú mi. Òṣùwọ̀n ni kò dára, èmi ni mo sì ṣe é.

4. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìbéèrè náà ti wá, gbólóhùn mọ́kànlélógún, iṣẹ́ mi sì ni láti sọ ọ́ di Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ ń béèrè bí ìlera ẹni ṣe rí láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo fẹ́ Yorùbá tí ìyá àgbà kan kò ní ní kí n tún un sọ. Nítorí náà, mo kọ Ìbéèrè Kìíní báyìí: Ṣé ara le? Mo kọ Ìkejì: Ilé ńkọ́? Ìkẹta: Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ìkẹrin: Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé Ìkẹtàlá. Ẹni tí a bá bi yóò mú nọ́ńbà kan láti oókan dé márùn-ún. Márùn-ún ló dára jù.

Akọ̀wé yín, Ògbẹ́ni Ọládélé, kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní: “Yorùbá rẹ dùn o. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan ń kí mi.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Oríyìn ni mo pè é.

5. Ìbéèrè Kẹrìnlá kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí, tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ìtọ́jú Ìdẹ̀ra, ló ní kí n fi sí i. Ó ní: “Àbúrò, bi wọ́n ní èyí náà. Wàá rí nǹkan.” Bó ṣe pè é ni mo ṣe kọ ọ́: “Nínú oṣù mẹ́ta tó kọjá, ó ti ṣẹlẹ̀ pé ara mi kò yá, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan bi mí, mo ní a dúpẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni ìdáhùn tirẹ̀. Báyìí ni ìbéèrè ṣe di méjìlélógún.

6. Mo bi ènìyàn 408, ènìyàn 136 ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ní Ìdẹ̀ra, ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń lọ, nígbà tí àwọn àgbà bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó ṣí ìwé mi. Wọ́n fún mi ní omi tútù. Ilé kan fún mi ní gúgúrú àti ẹ̀pà.

Nígbà tí mo bi Baba Àbúbákr, tí ilé wọn kọjú sí ilé ìtọ́jú gan-an, pé ṣé ara le, wọ́n ní: “Alhamdulillah.” Mo ṣàlàyé pé nọ́ńbà ni mò ń fẹ́, nínú márùn-ún. Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. “Ṣé oore Ọlọ́run ni ìwọ fẹ́ fi nọ́ńbà há mọ́? Ó dára, kọ márùn-ún.” Mo kọ márùn-ún. Ní ilé kejì, ikọ́ ń da Ìyá Jésùlayọ̀mi láàmú débi pé mo ní láti dúró kó rọlẹ̀ kí n tó gbọ́ ìdáhùn wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní: “A kì í fi ẹnu wa jẹ́wọ́ àìsàn nílé yìí. Kọ márùn-ún, ní orúkọ Jésù.” Mo kọ ọ́. N kò kọ ikọ́ náà sílẹ̀, nítorí pé kò sí ààyè fún ikọ́ lórí fọ́ọ̀mù.

Ní Akúte, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo lè jókòó sí. Ayálégbé ló pọ̀ jù níbẹ̀, Èkó ni iṣẹ́ wọn wà, ibùdókọ̀ nìkan sì ni mo ti lè rí wọn, láàárọ̀ kùtù. N kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tutù, wọ́n sì ń sáré. Mo bi arákùnrin kan tó ń jẹ́ Táíyé pé ṣé ara le. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ara wo ló fẹ́ le? Ẹ wo ìlà tí mo wà! Ẹ kọ oókan, ẹ jẹ́ kí n wọkọ̀.” Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè. Ó ní: “Tèmi náà, oókan. Gbogbo rẹ̀, oókan.”

7. Nígbà tí mo kó ìdáhùn jọ tán, mo lo ìṣirò kan tí àwa tí a kọ́ ọ ń pè ní fákítọ̀ análísísì. Mo tọrọ àforíjì pé mo ní láti ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo fi dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bí ènìyàn bá ní ìbéèrè púpọ̀, ìṣirò yìí yóò wo ìdáhùn gbogbo ènìyàn, yóò sì fi àwọn ìbéèrè tó ń rìn pọ̀ hàn wá: ẹni tó fún ọ̀kan ní márùn-ún, ó máa ń fún èkejì náà ní márùn-ún, ẹni tó fún ọ̀kan ní oókan, bẹ́ẹ̀ náà ni. A ó gbà pé okùn kan tí a kò fojú rí ló so wọ́n pọ̀, ìyẹn ni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀n. Ìṣirò yóò sọ bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe dì mọ́ okùn tó, láti òdo títí dé oókan. Èyí tí kò bá dì mọ́ okùn kankan tó 0.40, a ó yọ ọ́, kí òṣùwọ̀n lè mọ́.

Ohun kan wà tí ìṣirò náà kì í sọ. Kì í sọ orúkọ okùn. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò ló ń sọ okùn lórúkọ.

8. Okùn méjì ló jáde. Ìbéèrè Kìíní dé Ìkẹtàlá dì mọ́ okùn àkọ́kọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi àtè lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ 0.71, èyí tó ga jù sì jẹ́ 0.88. Ìbéèrè mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n jẹ mọ́ bí ilé ìtọ́jú ṣe jìnnà sí ilé ẹni, dì mọ́ èkejì. N kò rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé-ẹ̀kọ́. Mo pe ìyá mi láti fi tó wọn létí. Mo sọ okùn àkọ́kọ́ ní “Ìlera Ara.”

Ìbéèrè Kẹrìnlá nìkan ló dá dúró. Ó jẹ́ 0.09 lórí okùn kìíní àti 0.13 lórí èkejì. Ìwé tí a fi kọ́ wa ní ìbéèrè tó bá dá rìn kò wúlò. Mo tẹ bọ́tìnì, ó lọ. Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí bi mí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé kí ni ìbéèrè òun mú wá. Mo dá a lóhùn pé kò bẹ́gbẹ́ mu. Ó kàn ní: “Ẹ̀n-ẹ́n?” ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

9. Lórí ọgọ́rùn-ún, Ìdẹ̀ra gba 93, Ìbàfò gba 70, Akúte gba 41. Mo fi àbọ̀ ránṣẹ́. Ẹ kọ̀wé ìyìn sí mi, mo sì gbé e kọ́ ara ògiri. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá ni ìwé ìṣípòpadà Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí dé, pé kó lọ sí Akúte.

10. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé kí ìwé yẹn tó dé ni ojú mi ti là, tí mo sì dákẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, mo lọ gba oògùn ẹ̀fọ́rí ní ilé ìtọ́jú. Mo bá Màmá Fàúsátù lórí àga. Aránṣọ ni màmá yìí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àwọn ló rán ṣòkòtò ilé-ìwé gbogbo wa ní Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀dùn. Nínú gbogbo ènìyàn 408, àwọn nìkan ni wọ́n mú márùn-ún nínú gbogbo ìbéèrè mẹ́tàlá. Nínú àbọ̀ mi, àwọn ni ara wọn le jù láàrin Mowé, Ìbàfò àti Akúte.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: “Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ara le?”

Wọ́n ní: “A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara le koko bí ọta.”

Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò ní apá wọn. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ni 198 lé 112. Ó yí i sí mi. “Ṣé o gbọ́ ohun tí Màmá wí? Wo ohun tí ẹ̀rọ wí. Èwo lo kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ nínú méjèèjì?”

Màmá bá a wí. “Ìbíwùnmí, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó kí mi ni! Ṣé kí n wá máa ro ẹjọ́ fún ẹni tó kí mi ni?”

Mo ní: “Mà, lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé wá ńkọ́?”

“Ọjọ́ yẹn náà, o kí mi ni. O dọ̀bálẹ̀, o béèrè ilé, o béèrè ọmọ. Inú mi dùn, mo ní wọ́n kọ́ ọmọ yìí nílé. Mo tilẹ̀ ṣàdúrà fún ọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lo wá gbọ́, ó yẹ kó o sọ pé ọ̀rọ̀ lo wá gbọ́.”

Mo wá sọ pé ọ̀rọ̀ ni mo wá gbọ́. Wọ́n ní láti Iléyá ni ọwọ́ ọ̀tún àwọn ti máa ń kú lójijì, pé àwọn kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, pé Fàúsátù ọmọ wọn kò mọ̀, kí n má sì sọ fún un. Mo tọrọ àforíjì pé mo ń sọ ọ́ fún yín. Màmá ló gbà mí láyè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n.

11. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohun tí mo wọ̀n kì í ṣe ìlera. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo wọ̀n. Ìbéèrè mẹ́tàlá tó ń rìn pọ̀, ìkíni mẹ́tàlá ni wọ́n, bí ọmọ Yorùbá sì ṣe ń dá ẹni tó kí i lóhùn ni gbogbo wọn ṣe dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà fi dára tó bẹ́ẹ̀. Ìlera kì í rí gúnrégé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè sùn dáadáa. Ẹni tó ń kíni kì í kí apá kan kó fi apá kan sílẹ̀. Ìbéèrè Kẹrìnlá kò bá wọn rìn nítorí pé òun nìkan ni kò kí ẹnikẹ́ni.

12. Mo yọ ìdáhùn Ìbéèrè Kẹrìnlá jáde padà, mo sì kà á ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ní Ìdẹ̀ra, ènìyàn 79 nínú 136 ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ara àwọn kò yá, àwọn sì ní a dúpẹ́. Ní Akúte, ènìyàn 76 nínú 136. Táíyé wà lára wọn. Bó ṣe ń wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní ojoojúmọ́ lòun ń sọ ọ́ fún ọ̀gá òun l’Ékòó. N kò lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo búra. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé àìsàn Mowé àti àìsàn Akúte kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn. Ìyàtọ̀ 93 sí 41 tí ẹ fi ń gbé nọ́ọ̀sì lọ, ìyàtọ̀ ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Sátidé àti ẹni tó ń sá tọ ọkọ̀ ni. Ìdẹ̀ra ń pàdánù nọ́ọ̀sì rẹ̀ nítorí pé wọ́n ṣe mí lálejò.

13. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Ògbẹ́ni Ọládélé ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹwàá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn kò sì bínú. Wọ́n ní: “Àbáyọ̀mí, ṣé nọ́ńbà náà kò dára ni?” Mo ní ó dára. Wọ́n ní: “Ṣé kọ̀ǹpútà ṣe àṣìṣe ni?” Mo ní kò ṣe é. Wọ́n ní: “Kí ló wá ń dùn ọ́?” Lẹ́tà yìí ni èsì mi. Ó pẹ́, mo mọ̀.

14. Ohun tó ń dùn mí ni pé Màmá Fàúsátù kì í lo oògùn wọn nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á ní àwọn ti lò ó. Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí nìkan ló mọ̀ pé wọn kò lò ó. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó máa ń ka hóró oògùn tó kù nínú ike wọn, kì í béèrè ohunkóhun, yóò sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi gbé ti ọjọ́ náà mì. Ilé ìtọ́jú tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn tiwa wà ní Ìbàfò, ọkọ̀ méjì ni, pẹ̀lú òpópónà márosẹ̀ láti fẹsẹ̀ sọdá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ débẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ wọ́n rí yóò kí wọn. Wọn yóò sì dá a lóhùn.

15. N kò sọ pé kí Akúte má ní nọ́ọ̀sì. Bí 76 nínú 136 bá ń ṣàìsàn níbẹ̀, wọ́n nílò ọ̀kan, bóyá méjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kí ẹ fi ìṣirò mi mú un lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín:

(i) Kí ẹ dá ìwé ìṣípòpadà Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí dúró kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá.

(ii) Kí ẹ wọ́gi lé àbọ̀ mi, kí ẹ sì jẹ́ kí n tún òṣùwọ̀n náà ṣe láìgba kọ́bọ̀. Màá dá Ìbéèrè Kẹrìnlá padà, màá sì wá irú rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i tí yóò máa bá a rìn, nítorí pé ìbéèrè kan kò lè di okùn. Màá yọ gbogbo ìkíni. Dípò “Ṣé ẹ sùn dáadáa?” màá béèrè iye ìgbà tí ẹni náà jí lóru àná. Màá kọ́kọ́ fi bi ènìyàn díẹ̀ wò, màá sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé mò ń béèrè fún mi, kí n tó gbé kọ̀ǹpútà rárá.

(iii) Kí ó jẹ́ òfin pé ẹni tó bá ń gbé ìwé ìbéèrè kiri kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ títí yóò fi béèrè ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé èyí yóò kọ́kọ́ dà bí àfojúdi. Ní ti àwọn àgbà tí yóò bí nínú, èmi fúnra mi ni yóò padà lọ bẹ̀ wọ́n.

16. Mo kábàámọ̀ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe pé mo ṣe é láìbìkítà. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń sọ òtítọ́ ni mo bá níbẹ̀, mo sì yọ ọ́ nítorí pé ó dá wà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù bá mi dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí.

Èmi ni tiyín, níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn iṣẹ́ mi bá ṣì wà,

Àbáyọ̀mí Ògúnlàdé,
Olùṣirò Ìgbìmọ̀ (lórí àdéhùn).

ÀKÍYÈSÍ FÚN FÁÌLÌ
Gẹ́gẹ́ bí abala kẹsàn-án Ìlànà Ìgbìmọ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ yòówù tó bá jẹ mọ́ ìṣirò kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Alága kí Olùṣirò tó yẹ̀ ẹ́ wò. Olùṣirò ti gba èyí lónìí. Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ yẹ ẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ wò, a ti tọ́jú rẹ̀ títí Ìgbìmọ̀ yóò fi gba Olùṣirò mìíràn. Ìpolówó iṣẹ́ náà yóò jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2026. Kí ìgbà náà tó dé, àbọ̀ ìwádìí dúró bó ṣe wà, kí Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí sì dá kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ́jú padà ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.
A. Ò., Olùṣirò.